Ìran Tí À Ń Wò, Ìran Tó Ń Bọ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ilé Olówó Gọbọi Etí Odò Thames

     

Láti gbọ̀ngàn yìí ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ló máa gbé wa dé etí odò Thames. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wọ ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ tó ti ń gbé ènìyàn sọdá níbẹ̀ láti 1889. Nítòsí rẹ̀ ni Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ àgbá àti ọta fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì títí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fi parí ní 1967. Lónìí, ilé àwòṣífìlà ló dúró lórí ilẹ̀ yẹn, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line sì ń dúró níbẹ̀ láti 2022. Bí ẹ bá wo pátákó ìpolówó irú ilé bẹ́ẹ̀, yálà níbí ni o, tàbí ní Battersea, tàbí ní Canary Wharf, ohun kan náà lẹ máa rí: ẹnì kan dúró sórí bákónì, ó ń wo omi. Wíwò yẹn ni ọjà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín. Àwọn ilé etí odò tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi yìí, ìran wo ni wọ́n kọ́ wọn fún? Ṣé ìran tí à ń wò ni, àbí ìran tó ń bọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyí: gbogbo ìlú ló pawọ́ pọ̀ ṣe ẹwà odò náà, àwọn díẹ̀ ni wọ́n sì ń tà á fún. Ilé tí kò bá sì lè gba ìran tó ń bọ̀, bó ti wù kó wu ojú tó, ibùjókòó òǹwòran ni, kò tíì di ilé. Ìpele mẹ́fà ni màá fi ṣàlàyé rẹ̀.

1. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ìran. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ohùn wọn dọ́gba lẹ́nu wa, ìtumọ̀ wọn sì jìnnà síra. Ìran kan wà tí à ń wò: bí egúngún bá jáde, a ó sáré lọ sójúde lọ wòran. Òǹwòran kò ní ẹrù kankan lọ́rùn. Bí eré bá parí, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Ìran kejì ni èyí tí a ti ṣẹ̀ wá, tí a ó sì fi sílẹ̀ lẹ́yìn: ìran Oníkòyí, ìran Ọlọ́fà, àrọ́mọdọ́mọ. Ẹnikẹ́ni kò lè dúró lókèèrè kó máa wo ìyẹn, nítorí inú rẹ̀ la wà. Ti àkọ́kọ́ ń tẹ́ ojú lọ́rùn, ó sì ń tán. Ìkejì ń bi wá pé: lẹ́yìn rẹ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kejì ni ilé. Bí àgbà bá pàdé ọmọ lọ́nà, tó bi í pé, "Ọmọ ilé ibo ni ọ́?", kì í ṣe iye yàrá ló ń béèrè. Ó fẹ́ mọ àwọn tó bí i, àwọn tó lè jẹ́rìí rẹ̀, àwọn tí a ó ké sí bí àìsàn bá kì í mọ́lẹ̀ lójú pópó. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo òwe yẹn. Òwe kò ní ká jókòó sínú ilé ká máa wo ìta. Ilé gan-an ló ní ká wò. Olùpolówó ní ká wo odò. Àwọn àgbà ní ká wo ilé. Láàárín wíwò méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ní. Nígbà tí ọmọ wa bá tẹ̀ wá láago pé, "Ìyá mi, mo ti ní ilé!", ayọ̀ á gbà wá lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ra fúláàtì àti ẹni tó ni ilẹ̀ tí fúláàtì náà dúró lé lè yàtọ̀ síra wọn pátápátá. Màá padà sórí èyí.

2. Ta ló ṣe odò yìí ní ohun àwòyanu?

Ní 1858, kò sí ẹni tó máa fowó ra àǹfààní láti máa wo odò Thames. Ooru mú gan-an lọ́dún yẹn. Ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí gbogbo ìlú ló ń ṣàn sínú omi náà, ó sì ń rùn débi pé wọ́n ń fi oògùn rẹ aṣọ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster kí àwọn aṣòfin lè rí èémí mí. Kọ́lẹ́rà ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ̀kúnnù ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà tí òórùn náà wọ iyàrá àwọn alágbára ni owó tó jáde. Joseph Bazalgette, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n la ọ̀nà ẹ̀gbin gba abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì darí ìdọ̀tí kúrò ní àárín ìlú. Ibo ló ń lọ? Apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń fa ìdọ̀tí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù sókè ní Crossness, lẹ́bàá ibi tí Thamesmead wà lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1865. Kí odò tó lè dára lójú ní òkè, ìsàlẹ̀ odò ló kọ́kọ́ gba ẹ̀gbin rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kò tó. Ní 1957, àwọn onímọ̀ Natural History Museum kéde pé apá odò náà tó gba àárín ìlú kọjá ti kú: kò sí ẹja tó lè gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló mú kí ẹja padà wá, débi pé oríṣi rẹ̀ tó wà níbẹ̀ lónìí ju 100 lọ. Ní 1984, wọ́n ṣí ìdènà omi ńlá tó wà nítòsí wa yìí, Thames Barrier, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òkun bí omi bá fẹ́ ya wọ ìlú. Láìsí i, ta ni yóò yá ènìyàn lówó láti ra ilé sẹ́bàá omi? Láìpẹ́ yìí, wọ́n parí ọ̀nà ẹ̀gbin tuntun, Tideway, tó gùn ní kìlómítà 25. Bíìlì omi ni wọ́n fi ń gba owó rẹ̀. Ìyá tó ń gbé àjà kẹsàn-án ilé káńsù ní Peckham, tí kò rí odò lójú fèrèsé rí, ń san tirẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn tó fi èjìká ṣe é ńkọ́? Wọ́n ṣí West India Docks ní 1802 láti gba ṣúgà tí àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn gbìn ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn èbúté mìíràn tẹ̀ lé e, títí kan Royal Albert Dock ní 1880. Ìran dé ìran ni àwọn alágbàṣe èbúté ń ru ẹrù níbẹ̀. Nígbà tí kọ̀ńténà dé, ọkọ̀ di ràgàjì, omi èbúté àtijọ́ kò jìn tó mọ́, iṣẹ́ sì ṣí lọ sí èbúté Tilbury ní ìsàlẹ̀ odò. Láàárín 1967 sí 1981, gbogbo èbúté náà ti ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1981, London Docklands Development Corporation, tó ní agbára láti gba ilẹ̀, tó sì tún ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ dípò àwọn káńsù. Ọkọ̀ ojú irin DLR bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Ilé gogoro One Canada Square ní Canary Wharf, tó ga ní mítà 235, parí ní 1991. Àwọn ilé ẹrù Wapping, tó ń gbọ́ ariwo alágbàṣe látàárọ̀ dalẹ́, di fúláàtì.

Ẹ̀rí ìpele yìí ni pé kò sí akọ́létà kankan tó ṣẹ̀dá odò. Owó orí, bíìlì omi àti èjìká àwọn alágbàṣe ló ṣe ìran tí wọ́n ń tà.

3. Kí ni owó náà rà?

Mo ti bá ọmọ wa kan jókòó nídìí tábìlì rí, tí a jọ ń ka ìwé ilé rẹ̀ lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i tán. Ó mọ bí bákónì rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Kò mọ iye ọdún tó wà lórí líìsì rẹ̀.

Líìsì ni ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ra fúláàtì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà. Ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ògiri ìta kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ fún iye ọdún kan ni: 99, tàbí 125, tàbí 250, tàbí 999. Ọdún náà ń dínkù lójoojúmọ́, a sùn a jí. Bí ó bá ti kéré jù, àwọn báǹkì kì í fẹ́ yá ẹni tó fẹ́ rà á lówó, owó gidi ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó fi ọdún kún un. Ẹnì kan lè sọ pé nílé ní Nàìjíríà náà, láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ 1978, ọdún 99 ni wọ́n sábà ń kọ sínú ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀, C of O. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé, ẹbí wà lórí ilẹ̀ náà, àgbà wà tó mọ ààlà. Níbí, ilé-iṣẹ́ tí olùgbé kò fojú kàn rí lè jẹ́ onílẹ̀, ó sì lè ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn.

Baba ńlá wa mọ ìṣákọ́lẹ̀. Àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a mú iṣu, a mú epo wá lọ́dọọdún, láti fi hàn pé òun kò gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀. Owó ilẹ̀ tó wà nínú líìsì àtijọ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n òmíràn wà nínú rẹ̀ tó ń di ìlọ́po méjì ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: £250 lónìí, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún yóò ti di £8,000 lọ́dún. Àlejò wo ló ń ru irú iṣu bẹ́ẹ̀? Òfin kan ti fòpin sí gbígba owó ilẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ líìsì tuntun láti oṣù Kẹfà 2022, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti fọwọ́ sí ti àtijọ́.

Owó ìtọ́jú ilé tún wà níbẹ̀: owó ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òdòdó àgbàlá, ibi ìdárayá. Bí ohun ẹwà bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ń gùn tó, ó sì lè gòkè lọ́dọọdún. Ọkàn ẹni tó ń fẹ̀yìn tì kì í balẹ̀ lórí owó tí kò mọ òpin rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Grenfell, kí n sì fi ọ̀wọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2017, iná pa ènìyàn 72 nínú ilé gogoro yẹn ní Kensington. Awọ tí wọ́n fi bo ara ilé ló gbé iná náà ròkè. Ilé mẹ̀kúnnù ni, kò sí létí odò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara ilé wò káàkiri, wọ́n bá awọ eléwu lára ilé olówó ńlá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ olùgbé kò lè ta ilé wọn, báǹkì kò yá ẹnikẹ́ni lówó lórí rẹ̀. Òfin Building Safety Act ti 2022 gba ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú gbèsè náà, lẹ́yìn ọdún márùn-ún àìsùn. Wọ́n ti wo odò títí nígbà tí wọ́n ń rà á. Ara ilé ni wọn kò wò. Ilé là ń wò.

4. Ta ni kò sí nínú àwòrán?

Ilé-iṣẹ́ mànàmáná Battersea, tí Giles Gilbert Scott ya àwòrán ara rẹ̀, dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 1983. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì kọ́ ilé yí i ká, ètò ni láti kọ́ ilé tó ju 4,000 lọ. Nínú rẹ̀, ilé 636 ni wọ́n ṣèlérí pé apá àwọn tí owó wọn kéré yóò ká. Ní 2017, káńsù Wandsworth gbà kí wọ́n dín in kù sí 386, nítorí àwọn akọ́létà ní owó ìnáwó ti pọ̀ jù. Ẹ fọkàn yọ ọ́: ìdílé 250. Kò sí ẹni tó lé wọn kúrò nílé. Ilẹ̀kùn tí wọn ì bá gbà wọlé ni wọ́n mọ ògiri dí.

Ní Nine Elms, nítòsí ibẹ̀, wọ́n ṣí odò ìwẹ̀ kan ní 2021, tó rọ̀ sáàárín ilé gogoro méjì bí afárá dígí, mítà 35 sí ilẹ̀. Ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lórí ilẹ̀ kan náà, tó jẹ́ pé ìpín díẹ̀ ni apá wọn ká nínú ilé wọn, tí wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti wọ inú rẹ̀. Ọmọ wọn lè gbójú sókè wo ọmọ aládùúgbò tó ń lúwẹ̀ẹ́. Nínú agboolé tiwa, ọmọ kan kì í mu omi àmù kí ọmọ kejì máa wò ó. Ilé tó bá sọ ọmọ ara rẹ̀ di òǹwòran ti kùnà iṣẹ́ ilé.

Ẹ má jẹ́ ká fi èyí sọ pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò mẹ̀kúnnù tó ń jẹ́ Maroko ní Èkó, ènìyàn bí 300,000 sì di aláìnílé. Lónìí, ilé olówó ńlá ló pọ̀ lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀nà yàtọ̀, omi kan náà ni ojú ń ṣe.

5. Àwíjàre àwọn akọ́létà

Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Kí ni àwọn akọ́létà ń sọ? Wọ́n ní ilẹ̀ etí odò tí àwọn kọ́lé sí ti di aṣálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni: láti 1983 títí di 2022 tí wọ́n ṣí Battersea fún aráàlú, ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ló gbìyànjú tí kò lè ṣe é. Wọ́n ní àwọn dá owó sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Northern line tó dé ibẹ̀ ní 2021. Òótọ́ ni. Wọ́n ní láìsí ẹni tó lè ra ilé olówó ńlá, owó tí wọn yóò fi kọ́ ti mẹ̀kúnnù kò ní sí. Apá kan nínú èyí náà jóòótọ́: adéhùn tí òfin ilé kíkọ́ 1990 fàyè gbà ni ọ̀pọ̀ káńsù fi ń gba ilé díẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

N kò bá olówó jà. Nínú àwọn tó ń ra ilé wọ̀nyí, ọmọ wa wà níbẹ̀: dókítà, agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru méjì pọ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti jí rí omi tó dára. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tó bá dá owó sí iṣẹ́ lè gba èrè owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó rẹ̀ nìkan ló wà nínú ẹrù tó ń tà. Ẹ rántí ìpele kejì. Bí gbogbo ìlú bá ti dá owó sí odò fún ọdún tó lé ní 160, ìlú kì í ṣe alágbe nígbà tó bá béèrè ìpín rẹ̀. Alábàáṣe ni.

6. Ilé kan tó ń jẹ́ Ìrókò

Ẹnì kan yóò ní àlá ni mò ń lá, pé ilẹ̀ etí odò ti wọ́n jù fún mẹ̀kúnnù. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí South Bank, ní àdúgbò Coin Street, láàárín National Theatre àti Oxo Tower.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn akọ́létà fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì ràgàjì síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n lọ ìpàdé, wọ́n kọ ìwé, wọ́n jókòó ti ìgbìmọ̀ ìwádìí láìsùn. Ní 1984, káńsù àgbà ìlú Lọ́ńdọ̀nù, GLC, ta ilẹ̀ eékà 13 náà fún ẹgbẹ́ tí àwọn ará àdúgbò dá sílẹ̀, ní £1,000,000. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba fagi lé GLC fúnra rẹ̀; ilẹ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ aráàlú kó tó di ìgbà yẹn.

Kí ni wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe? Wọ́n ṣe ọgbà sí etí odò, wọ́n la ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé 220, tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mẹ́rin ń darí. Fúláàtì 78 wà nínú Oxo Tower Wharf gan-an, lórí omi, níbi tí olówó ì bá fi owó àìmọye rà. Háyà tí apá ká ni àwọn olùgbé ń san. Wọn kì í dá ta ilé. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe ìpàdé lórí bí wọn yóò ṣe tún un ṣe. Bí ẹnì kan bá kó jáde, ẹlòmíràn tó nílò rẹ̀ yóò wọlé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ìyá wa ń ṣe lọ́jà, òun náà ni wọ́n fi kọ́lé.

Igi ni wọ́n fi sọ àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin náà lórúkọ. Èyí tó parí ní 2001, tó ní ilé 59 tó yí ọgbà kan ká, ń jẹ́ Iroko. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹnu Yorùbá ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba orúkọ igi náà. Wọ́n sì ti lo orúkọ náà dáadáa, nítorí ẹni tó gbin ìrókò kì í gbìn ín fún ojú ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tí a kò tíì bí ni yóò jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè wa ti ní ìdáhùn. Kì í ṣe omi ló ń yan ìran tí ilé etí odò wà fún; àwọn tó jókòó sí ìpàdé ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ kí n tó jókòó. Èkíní: ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fẹ́ ra fúláàtì, ẹ ka líìsì kí ẹ tó jáde sórí bákónì. Ẹ béèrè iye ọdún, ẹ béèrè owó ilẹ̀, ẹ béèrè owó ìtọ́jú ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ béèrè ohun tó bo ara ilé. Èkejì: bí ẹ bá rí ìwé tí káńsù lẹ̀ mọ́ òpó iná pé wọ́n fẹ́ kọ́lé sí àdúgbò, ẹ má kọjá lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sí wọn, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè iye ilé tí apá mẹ̀kúnnù yóò ká, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlérí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta: ẹ mú àwọn ọmọ rìn létí odò. Thames Path wà fún gbogbo ènìyàn, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kò mú dé etí odò kò ní mọ̀ pé òun ní ìpín níbẹ̀.

Bí ẹ bá rìn dé Coin Street, ẹ dúró díẹ̀. Lára àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ti Bengal wà, kí ti Jàmáíkà wà, kí ti Gẹ̀ẹ́sì wà. Àmọ́ bí àgbà Yorùbá bá bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Ọmọ ilé ibo ni ọ́?", ọmọ náà yóò na ọwọ́ sí ilé rẹ̀ létí odò Thames, yóò sì dáhùn pé, "Ìrókò."